Ìtàn Bí Iṣẹ́ Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Di Ẹrù Ńlá: Láti Badagry Dé Sokoto

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ọdún yìí jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa àti àwọn tíṣà tí ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀dùn ọkàn kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí. Ọmọ yóò ti ilé ìwé dé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, yóò ní tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn ṣe iṣẹ́ àkànṣe kan wá ní ọjọ́ Ajé. Bàbá yóò ra káádíbọọ̀dù, ìyá yóò wá àwòrán tí wọn yóò gé lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá padà dé, máàkì 7 nínú 10 ni a ó rí lára rẹ̀. Tíṣà kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i láti sọ ohun tí ọmọ ṣe dáadáa àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó sí. Òbí á wá máa bèèrè pé: kí ni àwọn tíṣà yìí ń ṣe gan-an?

Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ìtàn ni ó lè dáhùn rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn, kí a lè mọ bí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń ṣe láyé àtijọ́ ṣe di èyí tí a kó lé tíṣà nìkan lórí.

ÌGBÀ TÍ ALÁBẸ̀WÒ NI Ó Ń DÁN ỌMỌ WÒ

Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Badagry ní 1843, ìjọ CMS náà sì tẹ̀lé e. Ìjọba kò dá sí ọ̀rọ̀ ilé ìwé púpọ̀ ní ìgbà náà. Ìgbà tí ó di 1882 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan fún Gold Coast àti Èkó, tí wọ́n sì yan Metcalfe Sunter ṣe alábẹ̀wò ilé ìwé ní gbogbo àwọn ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òfin náà tẹ̀lé àṣà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ England ní 1862. Iye ọmọ tí ó bá yege lójú alábẹ̀wò nínú kíkà, kíkọ àti ìṣirò ni wọ́n fi ń ṣírò apá kan nínú owó ìrànwọ́ tí ilé ìwé yóò gbà. Owó wà fún Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí owó fún Yorùbá.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Alábẹ̀wò ni ó ń dán ọmọ wò, kì í ṣe tíṣà. Iṣẹ́ tíṣà ni kí ó kọ́ ọmọ títí ọmọ yóò fi mọ̀ ọ́n lórí, kí ó sì múra de ọjọ́ tí alábẹ̀wò yóò dé. Ọjọ́ náà a máa bani lẹ́rù, nítorí owó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí alábẹ̀wò bá ti gun ẹṣin rẹ̀ lọ, ó parí nìyẹn títí di ọdún mìíràn. Kò sí ẹni tí ó ní kí tíṣà máa kọ máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ó ti rí náà nìyẹn fún àwọn ilé ìwé gíga. Kí a tó dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní 1952, Cambridge ni ìdánwò ìwé mẹ́wàá ti ń wá. Ọmọ yóò jókòó ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, yóò kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbé e lọ sí òkè òkun kí àwọn olóyìnbó lọ fún un ní máàkì. Tíṣà tí ó kọ́ ọmọ náà láti ọdún dé ọdún kò ní ẹnu nínú èsì rẹ̀.

BÍ Ó TI RÍ NÍ SOKOTO

Níhìn-ín, ọ̀nà mìíràn ni ẹ̀kọ́ ìwé gbà wọlé. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Sokoto ní 1903. Ní 1905 ni Burdon tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba dá ilé ìwé kékeré kan sílẹ̀ ní ìlú yìí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ni láti fi ábídí àwọn òyìnbó kọ èdè Hausa. Ní 1909, Hanns Vischer bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kano. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà nínú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Tíṣà mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó mọ bàbá rẹ̀, ó sì mọ ibi tí ó ti ń kọsẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ènìyàn ńlá ti ṣe iṣẹ́ tíṣà ní ìlú yìí. Ahmadu Bello, Sardauna Sokoto, kọ́ni ní Sokoto Middle School láti 1931 di 1934, kí ó tó lọ jẹ olórí agbègbè Rabah. Shehu Shagari, tí ó di Ààrẹ orílẹ̀-èdè ní 1979, kọ́ni ní ilé ìwé kan náà lẹ́yìn tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Kaduna ní 1944. Títí di òní, àwọn aládùúgbò wa kì í pe tíṣà ní orúkọ lásán. Malam ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ní àsìkò yẹn náà ni àwọn bàbá wa ń dé sí ilẹ̀ Hausa, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìbàdàn, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn. Reluwé dé Kaura Namoda ní 1929, ṣùgbọ́n kò dé Sokoto. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ níhìn-ín yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò wọ ọkọ̀ ẹrù. Ọ̀wọ́ ènìyàn tí ó ta aṣọ, tí ó tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí ó ránṣọ, ni wọ́n sọ pé ọmọ tiwọn gbọ́dọ̀ kàwé. Èrò yẹn ni ó gbé wa dé ibi tí a wà lónìí.

1955: ỌMỌ PỌ̀ JU TÍṢÀ LỌ

Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Olóyè S. O. Awókọ́yà tí ó jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ ti gbé ètò náà kalẹ̀ láti 1952. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà nílé ìwé ní 1954 jẹ́ bíi 457,000. Ní 1955 wọ́n di bíi 811,000. Nínú ọdún kan péré! Wọ́n sì dín ọdún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti 8 sí 6.

Ayọ̀ ńlá ni, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé yìí ni ó jẹ́ ọmọ àwọn tí ètò náà kọ́kọ́ mú wọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ọdún kan tọ́ tíṣà dàgbà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó wọ kíláàsì láti kọ́ni nígbà náà ni kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà rí. Ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i, ọmọ pọ̀ sí i, ìwé jọ́tà tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò náà pọ̀ sí i.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955 tún ṣẹlẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà ní 1976. Sokoto níhìn-ín ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti kéde ní 1974 pé ìjọba yóò fún gbogbo ọmọ ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1976, ìjọba ń retí ọmọ bíi mílíọ̀nù 2.3 ní kíláàsì kìíní; bíi mílíọ̀nù 3 ni ó dé. Ní ọdún yẹn gan-an ni a dá Ìpínlẹ̀ Sokoto sílẹ̀. Wọ́n sáré kọ́ àwọn tíṣà, wọ́n sáré kọ́ ilé, ọ̀pọ̀ ọmọ sì kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi.

ỌDÚN TÍ ÌDÁNWÒ WỌ KÍLÁÀSÌ

Títí di ìgbà náà, bí iṣẹ́ tíṣà ti pọ̀ tó, ìdánwò ìparí ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ìjọba gbé jáde ní 1977, tí wọ́n tún ṣe ní 1981, ni ó yí i padà. Ní 1982 ni ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀. Ohun tuntun tí ó bá a dé ni ìgbéléwọ̀n àtìgbàdégbà, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní C.A. Ìjọba sọ pé kò dára kí a fi ìdánwò ọjọ́ kan ṣoṣo dá ọmọ lẹ́jọ́. Ọmọ lè ṣàìsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù lè bà á. Kí a máa dán an wò díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin, kí a sì fi gbogbo rẹ̀ ṣírò èsì rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n E. A. Yóloyè ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ ìwé ìtọ́sọ́nà kékeré kan ní 1984 láti la ọ̀rọ̀ náà yé àwọn tíṣà. Ní 1985, ìjọba àpapọ̀ tẹ ìwé ìlànà tirẹ̀ jáde. Wọ́n ní ìgbéléwọ̀n náà gbọ́dọ̀ ní ètò, kí ó kárí gbogbo ohun tí ọmọ ń ṣe, kí a máa kó máàkì rẹ̀ jọ láti kíláàsì dé kíláàsì, kí ó sì jẹ́ ohun tí a ó fi tọ́ ọmọ sọ́nà. Kì í ṣe ìmọ̀ inú ìwé nìkan ni tíṣà yóò wò. Yóò wo ìwà ọmọ, yóò sì wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìdánwò kékeré, iṣẹ́ àṣetiléwá, iṣẹ́ àkànṣe, gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ní máàkì. Nígbà tí ìdánwò SSCE àkọ́kọ́ wáyé ní 1988, máàkì tí ilé ìwé fi ránṣẹ́ ti wà lára ohun tí WAEC ń kà.

Èrò náà dára púpọ̀. Ẹ wò ó bí ó ti yàtọ̀ sí ti 1882! Tíṣà tí ó mọ ọmọ ni ó wá ń ní ẹnu nínú èsì ọmọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ẹrù ti yí kúrò lórí alábẹ̀wò, kúrò lórí Cambridge àti WAEC, tí ó bọ́ sórí tíṣà. Wọ́n gbé ẹrù wá, wọn kò mú òṣùká wá. Iye ọmọ inú kíláàsì kò dín, àkókò inú ọjọ́ kò lé, kò sì sí akọ̀wé tí yóò bá a kọ máàkì sínú ìwé.

KÍ LÓ DÉ TÍ TI GẸ̀Ẹ́SÌ FI WÚWO JÙ?

Ẹnìkan lè sọ pé gbogbo tíṣà ni ó ń ṣe ìgbéléwọ̀n, kí ló dé tí a fi ń sọ ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan. A kò sọ pé ti àwọn yòókù rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀.

Àròkọ tí WAEC ń béèrè kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 450. Máàkì 50 ni ó ní: 10 fún èrò inú rẹ̀, 10 fún ètò rẹ̀, 20 fún bí ọmọ ṣe lo èdè, 10 fún àìṣàṣìṣe nínú sípẹ́lì, àmì ìdánudúró àti gírámà. Tíṣà tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ dáadáa gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀, kí ó fa ìlà pupa sí abẹ́ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, kí ó sì pín máàkì sọ́nà mẹ́rin.

Ìlànà ìjọba ti 2004 sọ pé kíláàsì ilé ìwé gíga kò yẹ kí ó ju ọmọ 40 lọ, ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò yẹ kí ó ju 35 lọ. Bí tíṣà kan bá ní kíláàsì 4 tí ọmọ 40 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ 160 nìyẹn. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú 8 péré lórí àròkọ kọ̀ọ̀kan, wákàtí 21 àti ìṣẹ́jú 20 ni yóò lò fún àròkọ kan ṣoṣo. Bí ó bá ń ṣe wákàtí 2 lálaalẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ó tó alẹ́ 11. Èyí jẹ́ bí a bá tẹ̀lé ìlànà o. Bí kíláàsì bá ní ọmọ 70, bí ó ti ń rí ní ibi púpọ̀, ọmọ 280 ni, wákàtí 37 àti ìṣẹ́jú 20 sì ni. Kí ó tó parí ti àkọ́kọ́, ó ti yẹ kí ó fún wọn ní òmíràn. A kò tíì ka àkàyé, àgékúrú àti ẹ̀kọ́ ìró ohùn tí a gbọ́dọ̀ gbọ́ láti ẹnu ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ àkànṣe tún wá yàtọ̀. Kí tíṣà tó lè ní kí ọmọ lọ fi ọ̀rọ̀ wá àgbà kan lẹ́nu wò ní àdúgbò, tàbí kí wọ́n ṣe ìwé ìròyìn ara ògiri, tàbí kí wọ́n ṣe eré orí ìtàgé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú lẹ́sìn nóòtì, kí ó pín wọn sí ọ̀wọ́, kí ó ṣàlàyé ohun tí ó ń fẹ́, kí ó mú àpẹẹrẹ wá. Owó àpò rẹ̀ ni ó sábà máa fi ń ra káádíbọọ̀dù àti máákà. Bí iṣẹ́ bá wá dé, kì í ṣe ohun tí a ń fi àmì dáadáa kan parí. Ó gbọ́dọ̀ mọ ta ni ó ṣe èwo nínú ọmọ márùn-ún, kí ó sì mọ̀ bóyá ọmọ ni ó ṣe é tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ti àwọn ọmọ wa ní Sokoto tún ní èyí tí ó wúwo nínú rẹ̀. Yorùbá ni ọmọ ń gbọ́ nílé, Hausa ni ó ń gbọ́ ní àdúgbò àti ní ọjà, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kẹta. Tíṣà náà lè jẹ́ Bahaushe, Yorùbá tàbí Ígbò, kí ó sì máa fi èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ kọ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àṣìṣe tí ọmọ Yorùbá ń ṣe kọ́ ni ọmọ Hausa ń ṣe. Tíṣà gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì.

OHUN TÍ Ó WÁ ṢẸLẸ̀

Nígbà tí ẹrù bá ju agbára lọ, ẹni tí ó rù ú yóò sọ díẹ̀ kalẹ̀. Ohun tí àwọn tíṣà kan ń sọ̀ kalẹ̀ ni kíkà. Wọn a ṣí ìwé, wọn a fa ìlà, wọn a kọ 7 nínú 10. Àwọn mìíràn a fi máàkì sáà tí ó kọjá ṣe ti sáà yìí. Àwọn ilé ìwé kan a fún gbogbo ọmọ ní máàkì gíga nítorí kí orúkọ ilé ìwé má bàa bàjẹ́. Àwa òbí náà kò mọ́ nínú rẹ̀: a ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a sì ń bínú bí iṣẹ́ tiwa kò bá gba máàkì tó. Láyé ìsinsìnyí, fóònù lè kọ odidi àròkọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ta ni ó ń jìyà rẹ̀? Ọmọ ni. Ó ń kó máàkì dáadáa jọ láti JSS dé SS3, ó wá dé iwájú WAEC tàbí NECO, kò lè kọ lẹ́tà tí ó dúró dáadáa. Gbogbo wa sì mọ̀ pé láìsí kírẹ́dítì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn yunifásítì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá. Fún àwa tí a jìnnà sí ilé, tí a kò ní ilẹ̀ bàbá níhìn-ín tí a ó fún ọmọ, ìwé ni ogún wa. A kò gbọdọ̀ fi ogún náà ṣeré.

ẸKỌ́ TÍ ILÉ-IFẸ̀ KỌ́ WA

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà àbáyọ rí. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe ìdánwò ńlá kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6. Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, tíṣà tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ni wọ́n sì fi í lé lọ́wọ́. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó yẹ kí a fi ṣọ́kàn níbẹ̀ ni pé wọn kò kó gbogbo rẹ̀ lé tíṣà kan lórí.

Ṣùgbọ́n ìlànà ìjọba kì í dúró lójú kan. Sokoto náà ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti ṣí ètò UBE ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1999, àwọn ọmọ tún pọ̀ sí i. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa ni pé ẹrù tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tún pọ̀ sí i.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Kí a má wulẹ̀ máa dúró de Abuja. A dábàá àwọn nǹkan wọ̀nyí fún ẹgbẹ́ wa:

Ní àkọ́kọ́, nínú ìpàdé òbí àti tíṣà, kí a bẹ àwọn ilé ìwé kí wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ àkànṣe jẹ́ ti ọ̀wọ́. Bí ọmọ 160 bá pín sí ọ̀wọ́ elénìyàn 5, iṣẹ́ 32 ni tíṣà yóò yẹ̀ wò. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú 15 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 8 péré ni, yóò sì ráyè kọ ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà sí i.

Ní ẹ̀kejì, kí ẹgbẹ́ máa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti ra káádíbọọ̀dù, máákà àti bírò fún àwọn ilé ìwé tí ọmọ wa ń lọ, kí tíṣà má máa ná owó ilé rẹ̀.

Ní ẹ̀kẹta, àwọn tíṣà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń sin ìlú lábẹ́ NYSC náà sì wà. Bí wọ́n bá lè máa pàdé àwọn ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n ka àròkọ wọn, kí wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ohun tí tíṣà kò ráyè ṣe yóò di ṣíṣe.

Ní ẹ̀kẹrin, kí òbí jẹ́ kí ọmọ ṣe iṣẹ́ ọmọ. 5 tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà dára ju 9 tí bàbá gbà fún un lọ.

Ní ìparí, bí ìwé ọmọ bá tún dé tí kò sí ọ̀rọ̀ lára rẹ̀, kí a má fi ìbínú wọ ilé ìwé. Kí a lọ kí tíṣà náà, kí a bi í léèrè iye ọmọ tí ó ń kọ́, kí a sì bi í pé kí ni a lè ṣe. Ẹni tí ó ru ẹrù ni ó mọ bí ó ti wúwo tó, àjèjé ọwọ́ kan kò sì gbé ẹrù dórí.